Bí a ṣe ń yan èròjà ọbẹ̀ fún inú tí kì í gba gbàkugbà

Ọdún mẹ́jọ gbáko ni mo fi bá ata ṣọ̀tá. Kò sí ata nínú ọbẹ̀ mi, kò sí nínú àsáró mi, kódà mọ́ínmọ́ín mi funfun bí ẹ̀kọ. Síbẹ̀, bí mo bá jẹun alẹ́ tán ní aago méje, tó bá fi máa di aago mọ́kànlá, inú mi á ti wú, á le bí awọ ìlù, á máa kùn, èmi náà á máa yí kiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Màámi ní ata ni. Ìyá ọkọ mi ní ata ni. Ẹni tó ń ta oògùn ní àdúgbò wa ní ata ni, ó sì ta oògùn lé e fún mi.

Ọjọ́ tí ojú mi là, àsáró ni mo sè. Nítorí pé n kò fi ata sí i, mo gé àlùbọ́sà ńlá méjì sí i, mo ní kí ọbẹ̀ má baà tẹ́. Alẹ́ ọjọ́ náà ni inú mi wú jù láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo ń ronú: ata kò sí níbẹ̀ rárá, kí wá ló wà níbẹ̀?

Ohun tí mo rí láti ìgbà yẹn wá ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ fún ẹni tí inú rẹ̀ ẹlẹgẹ́ bíi tèmi. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò láti jẹ oúnjẹ títẹ́ ní ọjọ́ ayé yín. Èròjà kan tàbí méjì ló sábà máa ń jẹ́ ọ̀daràn, ìyókù kàn ń bá wọn jẹ̀bi ni.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ìkòkò

Bí ẹ bá ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tí ìgbẹ́ yín dúdú bí ọ̀dà, bí ẹ bá ń rù láìgbààwẹ̀, bí oúnjẹ bá ń há yín lọ́fun, bí ẹ bá ń bì léraléra, bí inú rírun bá ń jí yín lójú oorun, tàbí kó jẹ́ pé ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún kí wàhálà yìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ pa ìtọ́sọ́nà yìí tì ná, ẹ lọ rí dókítà. Èròjà ọbẹ̀ kọ́ ló kàn.

Ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé ó ní ọgbẹ́ inú, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ulcer, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí: ata kọ́ ló ń dá ọgbẹ́ náà sílẹ̀. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Helicobacter pylori ló ń fa ọ̀pọ̀ rẹ̀, oògùn ara ríro bí ibuprofen, diclofenac àti aspirin ló sì ń fa púpọ̀ nínú èyí tó kù. Dókítà méjì ní Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren, ló tú àṣírí kòkòrò yìí. Àwọn èèyàn kò gbà wọ́n gbọ́, ni Marshall bá gbé omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ mu ní 1984, àìsàn inú sì mú un. Ní 2005, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel. Ata lè mú kí ojú ọgbẹ́ máa ta èèyàn lóòótọ́, bí iyọ̀ ṣe ń ta ojú egbò. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa ata tì, tí kò lo oògùn tó ń pa kòkòrò, tó tún ń gbé diclofenac mì láràárọ̀ nítorí ẹ̀yìn ríro, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ máa wo aago

Àkókò tí ìnira dé máa ń tú àṣírí ẹni tó rán an wá. Bí oókan àyà bá ń ta yín láàárín wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, tí omi kíkan ń gòkè wá sí ọ̀fun, ẹ kọ́kọ́ fura sí ata, tòmátò, ọsàn wẹ́wẹ́, fíníígà àti òróró tó pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ pé inú dákẹ́ jẹ́jẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin, kó tó wá wú, tí ẹ ń só láìdáwọ́ dúró, ẹ fura sí àlùbọ́sà, ààyù àti ẹ̀wà. Bó bá sì jẹ́ pé ìdí ló ń ta yín ní ọjọ́ kejì nígbà tí ẹ bá lọ sí ilé ìgbẹ́, ẹ kọ́kọ́ fura sí ata.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má yí nǹkan kan padà nínú oúnjẹ yín, ẹ sáà máa kọ ohun tí ẹ jẹ sílẹ̀, gbogbo èròjà tó wà nínú rẹ̀, aago tí ẹ jẹ ẹ́, àti ohun tí inú ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Èyí wà nínú tèmi: “Ọjọ́rú. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata, ẹran, 1:20. Inú dákẹ́. 5:00, ó bẹ̀rẹ̀. 5:40, mo tú bọ́tìnnì ṣòkòtò.” Àwọn obìnrin, ẹ kọ ọjọ́ nǹkan oṣù sí i, nítorí inú ẹlẹgẹ́ máa ń burú sí i lásìkò yẹn, ẹ lè lọ dá ọbẹ̀ lẹ́bi lásán. Bákan náà ni ọjọ́ tí ọ̀gá bú yín níbi iṣẹ́. Ìfun ń gbọ́ ohun tí ọkàn ń rò.

Ìgbésẹ̀ kejì: àlùbọ́sà àti ààyù

Ibí yìí ni mo máa pẹ́ sí jù, torí ibí ló ya èmi fúnra mi lẹ́nu jù.

Àlùbọ́sà àti ààyù ní irú ṣúgà kan tí wọ́n so pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fructan. Kò sí ọmọ aráyé kankan tí ara rẹ̀ lè já okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ó máa ń gba inú ìfun kékeré kọjá bó ṣe wà, tó bá dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò tó ń gbé ibẹ̀ á bò ó, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á sì máa tú afẹ́fẹ́ jáde. Ẹni tí inú rẹ̀ le kò ní mọ̀ ju pé òun só lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí inú rẹ̀ ẹlẹgẹ́, ìfun rẹ̀ máa ń gbọ́ afẹ́fẹ́ kékeré yẹn bí ariwo. Yunifásítì Monash ní Melbourne, ní Ọsirélíà, ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Peter Gibson àti Sue Shepherd tí wọ́n wà níbẹ̀ ló kọ́kọ́ lo orúkọ náà FODMAP ní 2005, fún gbogbo ẹbí ṣúgà tó máa ń ṣe inú báyìí. Fructan wà nínú búrẹ́dì náà, torí pé ó wà nínú àlìkámà. Bí búrẹ́dì bá ń wú yín nínú bíi ti àlùbọ́sà, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Iná kì í pa fructan. Ẹ lè se àlùbọ́sà títí yóò fi yọ́ dànù, ó ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó máa ń yọ́ sínú omi. Nítorí náà, kí èèyàn ju odindi àlùbọ́sà sínú omi ẹran, kó wá fi ṣíbí yọ ọ́ jáde kó tó jẹun, kò wúlò, nǹkan tó ń wú inú ti wà nínú omi. Ṣùgbọ́n kì í yọ́ sínú òróró. Òórùn àti adùn àlùbọ́sà, ní tiwọn, ń yọ́ sínú òróró dáadáa. Ọ̀nà àbáyọ nìyẹn.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń da òróró bíi mílílítà 200 sínú ìkòkò kékeré tó gbẹ dáadáa, ife tíì kan tí kò kún ni. Mo máa bó hóró ààyù mẹ́rin, mo máa là wọ́n sí méjì méjì, mo sì máa gé ìdajì àlùbọ́sà sí ńláńlá. Kí ẹ má gé e wẹ́wẹ́, torí èérún kékeré ló máa ń sá gba ojú asẹ́. Gbogbo rẹ̀ á wọ inú òróró tútù kí iná tó kàn án. Iná kékeré ni: ẹ óò rí i tí ó ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní etí ààyù, bí omi tó ń yọ láti inú àpáta. Bí ó bá ti ń pariwo, iná ti pọ̀ jù. Tó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí ààyù ti ní àwọ̀ ẹ̀pà yíyan, ẹ gbé e sọ̀, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ sì kó àlùbọ́sà àti ààyù náà fún àwọn tó kù nínú ilé. Àwọn ọmọ mi máa ń jà lé e lórí pẹ̀lú iṣu. Òróró yẹn ni ẹ óò fi din ata. Ẹ má bomi sí i nígbà tí ààyù ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹ dákun, ẹ má ṣe èyí tó pọ̀ kí ẹ gbé e sínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Clostridium botulinum. Ibi tí kò sí atẹ́gùn, tí kò kan, tí ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ni ó fẹ́ràn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìgò òróró ààyù ṣe rí. Májèlé rẹ̀ lè pa èèyàn, kì í sì í yí òórùn tàbí adùn oúnjẹ padà kí ẹ lè fura. Ẹ ṣe ìwọ̀nba tí ẹ máa lò lọ́jọ́ náà. Bí ó bá ṣẹ́kù, inú fìríìjì, kó má ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ní àdúgbò tí iná ti ń lọ láàárọ̀ tó ń dé lóru, ẹ má tilẹ̀ dá a láṣà, ẹ máa ṣe é ní tuntun.

Àlùbọ́sà eléwé náà wà. Apá tó ní àwọ̀ ewé kì í ní fructan tó nǹkan, ìsàlẹ̀ funfun ni ó kó ṣúgà jọ sí. Ẹ gé e síbi tí àwọ̀ ti yí padà, ẹ gé ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ dà á sí ọbẹ̀ nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú méjì kí ẹ gbé e kalẹ̀. Fún àwọn ará wa tó wà ní London tàbí Houston, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà, ẹ béèrè hing. Oje gbòǹgbò ewéko kan tí wọ́n lọ kúnná ni, òórùn rẹ̀ nínú ike le débi pé ọkọ mi ní kí n gbé e síta, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi òkè ọ̀bẹ mú díẹ̀ sínú òróró gbígbóná, á rùn bí àlùbọ́sà díndín. Àwọn ẹlẹ́sìn Jain, tí kì í jẹ àlùbọ́sà àti ààyù, ti ń fi sè ọbẹ̀ tipẹ́. Ẹ yẹ ara ike wò, àwọn kan máa ń pò ó mọ́ ìyẹ̀fun àlìkámà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ata, ẹ dín in, ẹ má lé e

Ohun tó ń ta nínú ata ni capsaicin. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ara fi ń mọ ooru, ara á wá rò pé iná ló jó òun. Irú ibẹ̀ wà ní ẹnu, ó wà ní ọ̀fun, ó wà káàkiri ìfun títí dé ìsàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ata fi ń ta lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1912, apoògùn ará Amẹ́ríkà kan, Wilbur Scoville, bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi ṣúgà la ata títí ẹni tó ń tọ́ ọ wò kò fi ní mọ títa rẹ̀ mọ́, ó sì ń ka iye ìgbà tó là á. Nínú ìkà yẹn, ata rodo wà láàárín 100,000 sí 350,000. Ṣọ̀mbọ̀ wà ní nǹkan bí 30,000 sí 50,000. Tàtàsé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nǹkan kan. Ẹni tó bá yọ ata rodo méjì, tó fi ṣọ̀mbọ̀ kan dípò wọn, ti ṣe ohun ńlá láìpàdánù àwọ̀ tàbí òórùn ata.

Ibi tí ata ti ń ta jù ni awọ funfun tí hóró rẹ̀ so mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbọn hóró dànù, wọ́n ń fi awọ yẹn sílẹ̀. Ẹ la ata rodo sí méjì, ẹ fi etí ṣíbí kékeré ha inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, kó ku èèpo pupa tàbí ofeefee nìkan. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, tàbí kí ẹ fi òróró pa ọwọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Omi nìkan kì í yọ capsaicin, òróró ni ó máa ń yọ́ sí.

Ìwọ̀n ọbẹ̀ ata tí mo máa ń sè fún èèyàn mẹ́rin: tàtàsé mẹ́ta, tòmátò méjì tó ti pọ́n dáadáa, karọ́ọ̀tì méjì, ìdajì ata rodo tí a ti ha inú rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín sí karọ́ọ̀tì. Àlùbọ́sà ló máa ń mú kí ọbẹ̀ ki, tí a bá sì yọ ọ́, ọbẹ̀ á máa ṣàn bí omi. Karọ́ọ̀tì máa ń mú un ki, ó ń fún un ní adùn díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì bá ti ata mu. Ìyá ọkọ mi ti jẹ ọbẹ̀ yìí fún ọdún méjì, kò tíì mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí tàtàsé pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ṣúgà èso tí ń jẹ́ fructose wà nínú rẹ̀, ẹbí kan náà tó ń wú inú. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sè é títí omi fi máa gbẹ, kó tó wá wọ inú òróró ààyù. Bí ìkan tòmátò bá ń ta yín láyà, ẹ yọ tòmátò kan, ẹ fi karọ́ọ̀tì kan sí i. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi kán-ún pa ìkan. Díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò burú, ṣùgbọ́n sódíọ̀mù ló kún inú kán-ún bó ṣe kún inú iyọ̀, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di ojoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìlọta. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń gbé ata tí kò ní rodo rárá lọ sí ẹ̀rọ, tí ọbẹ̀ sì ń ta mí. Ọjọ́ kan ni mo dúró wò ó: obìnrin tó ṣáájú mi gbé ata rodo kún bàsíà, bàbá ẹlẹ́rọ lọ̀ ọ́ tán, ó da omi ife kan péré sí ẹnu ẹ̀rọ, ó ní kí n gbé tèmi wá. Ohun tó kọ́kọ́ jáde sínú bàsíà mi pupa ju tèmi lọ. Ata ẹlòmíràn ni mo ti ń jẹ. Ní báyìí, àárọ̀ kùtù ni mò ń lọ, kí ẹnikẹ́ni tó dé, tàbí kí n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n da ekinní tó jáde nù. Ẹni tó bá ní blẹ́ńdà nílé, kó lo tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ohun tó máa dípò

Bí ẹ bá yọ àlùbọ́sà, tí ẹ dín ata kù, tí ẹ kò fi nǹkan kan dípò, ẹ ò ní lò ó ju ọjọ́ mẹ́rin lọ kí ẹ tó padà sídìí ọbẹ̀ àtijọ́. Ilẹ̀ wa kò sì ṣaláìní ohun amọ́bẹ̀dùn.

Irú ni olórí wọn. Hóró igi irúgbá ni, wọ́n á sè é títí yóò fi rọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bó, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá bò ó mọ́lẹ̀ nínú ooru fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Àwọn kòkòrò rere, Bacillus subtilis ni olórí wọn, á máa jẹ ẹ́ níbẹ̀. Wọ́n á fọ́ èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ìyẹn ló ń fún un ní adùn bí ẹran. Wọ́n á sì jẹ púpọ̀ nínú ṣúgà ẹlẹ́wà tí ìbá wú inú. Iṣẹ́ tí ìfun yín kò lè ṣe, irú ti rí ẹni bá a ṣe é kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ṣíbí ìjẹun kan tó fún ìkòkò ọbẹ̀ èèyàn mẹ́rin. Irú wooro ni mo fẹ́ràn jù, torí mo lè rí òkúta inú rẹ̀ ṣà. Bí ẹ bá ń ra irú pẹ̀tẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó fi iyọ̀ sí i, kí ẹ lè dín iyọ̀ tiyín kù.

Edé àti ẹja gbígbẹ tẹ̀ lé e. Kò sí fructan kankan nínú wọn. Kí ẹ sáà ra èyí tó gbẹ, tí kò rùn sí ohun tó ti bu. Ẹni tí edé máa ń mú ara rẹ̀ yún tàbí tí ètè rẹ̀ ń wú, kó má sún mọ́ ọn.

Ewé efinrin, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kó wọlé kẹ́yìn. Atalẹ̀ tútù tí kò ju oríkèé àtàǹpàkò lọ, ẹ rin ín sínú omi ẹran. Ó dára fún ẹni tí èébì ń gbé, ṣùgbọ́n bó bá ti pọ̀, òun náà á máa ta láyà. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kó bi dókítà rẹ̀ kó tó máa jẹ ẹ́ púpọ̀. Táìmù kò ní wàhálà. Èèrù, ẹ ju odindi kan ṣoṣo sínú omi ọbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó bù ú. Aríwo, ẹ yan hóró méjì, ẹ ṣí èèpo rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́. Òórùn rẹ̀ nìkan lè gbé ọbẹ̀ ẹja dúró láìsí ata.

Mo máa ń lọ àpòpọ̀ kan sínú ìgò, òun ni mo fi ń ṣe ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń fi kúùbù ṣe: ṣíbí ìjẹun mẹ́rin edé lílọ̀, méjì ẹja gbígbẹ tí mo ti yọ egungun rẹ̀, ọ̀kan irú tí mo sá gbẹ tí mo sì lọ̀, ṣíbí tíì kan táìmù, ìdajì ṣíbí tíì atalẹ̀ gbígbẹ. N kì í fi iyọ̀ sí i, kí n lè mọ iye tí mo fi sí ìkòkò. Ṣíbí ìjẹun kan fún ọbẹ̀ èèyàn mẹ́rin.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yí páálí sẹ́yìn

Orúkọ ilé iṣẹ́ kan ni àwa fi ń pe gbogbo kúùbù amọ́bẹ̀dùn, nítorí náà n óò máa pè é ní kúùbù níhìn-ín, kó má baà dà bíi pé ẹnì kan ni mò ń bá wí. Ẹ yí páálí rẹ̀ sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n bá kọ ṣáájú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Iyọ̀ ni ẹ sábà máa rí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọ̀rọ̀ méjì: onion àti garlic. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyẹ̀fun, ẹ rántí pé àlùbọ́sà gbígbẹ kò ní omi nínú mọ́, nítorí náà fructan inú ṣíbí kan rẹ̀ pọ̀ ju ti ṣíbí kan àlùbọ́sà tútù lọ fíìfíì. Ní gbogbo ọdún tí mò ń sọ pé mo ti yọ èyí, mo ti yọ tọ̀hún, kúùbù ń gbé àlùbọ́sà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé fún mi. Ìyẹ̀fun kọ́rì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí kó gbé ata wọlé. Yájì tí wọ́n ń fi sí súyà, ẹ má tilẹ̀ bi mí.

Ti iyọ̀ yẹ ní ìṣirò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gírámù 5 lójúmọ́, ìyẹn kò tó ṣíbí tíì kan. Kúùbù kékeré wúwo tó gírámù 4, bí ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló sì sábà máa ń jẹ́ iyọ̀. Ẹni tó fi kúùbù mẹ́fà sí ọbẹ̀ èèyàn mẹ́rin ti fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí gírámù 3 kó tó fọwọ́ kan agolo iyọ̀.

Àwọn kan máa bi mí léèrè monosodium glutamate, èròjà amọ́bẹ̀dùn tó sábà máa ń wà nínú kúùbù. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Japan kan, Kikunae Ikeda, ló rí i nínú ewé òkun ní 1908, irú ohun kan náà ló sì ń mú irú dùn. Sódíọ̀mù inú rẹ̀ ni kí ẹ kà mọ́ ti iyọ̀. Inú wíwú, lójú tèmi, ẹ bi àlùbọ́sà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí páálí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan

Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà ni kí ẹ fi pa àlùbọ́sà àti ààyù tì pátápátá. Bí inú kò bá yí padà rárá láàárín àkókò yẹn, wọn kì í ṣe ọ̀daràn yín, ẹ dá wọn padà sínú ìkòkò, ẹ lọ rí dókítà tàbí onímọ̀ oúnjẹ fún ohun mìíràn. Bí inú bá rọ̀, ẹ má sọ pé ó tán síbẹ̀. Fructan kan náà tó ń wú wa nínú ni oúnjẹ àwọn kòkòrò rere inú ìfun, ẹni tó bá fi ebi pa wọ́n fún ọdún púpọ̀ ń ṣe ara rẹ̀.

Ẹ yan ohun kan ṣoṣo. Kí gbogbo oúnjẹ yòókù wà bó ṣe wà. Ọjọ́ kìíní, ṣíbí tíì kan àlùbọ́sà tó jinná. Ọjọ́ kejì, ṣíbí ìjẹun kan. Ọjọ́ kẹta, ìdá mẹ́rin odindi kan. Ọjọ́ tí inú bá fi wú, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta sinmi. Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀ ààyù: ìdajì hóró, odindi hóró kan, méjì. Lẹ́yìn rẹ̀ ata rodo. Ata tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, torí ara máa ń mọ́ ọn: ẹni tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ déédéé, títa rẹ̀ á máa dínkù lára rẹ̀.

Tèmi jáde báyìí: ṣíbí ìjẹun kan àlùbọ́sà tó ti jinná, inú mi gbà á. Àlùbọ́sà tútù orí súyà, kò gbà á rárá. Odindi hóró ààyù kan, ó gbà á, méjì di ìjà. Ata rodo tí mo fi ọdún mẹ́jọ sá fún, mo ń jẹ ìdajì rẹ̀ nínú ọbẹ̀ báyìí, inú mi kò sọ nǹkan kan.

Ní òde

Ìrẹsì aláta ti ibi ayẹyẹ, àlùbọ́sà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ẹ kò lè yọ ọ́. Ẹ bu díẹ̀, kí ẹ fi ẹja yíyan tàbí ẹran kún un. Ní bùkátérìà, ewédú ni mo máa ń béèrè, torí irú àti edé ni ọ̀pọ̀ fi ń sè é, kì í sábà ní àlùbọ́sà. Gbẹ̀gìrì, ẹ̀wà ni, ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹ óò fi dán an wò nílé.

Màmá tí mo ń jẹ àmàlà lọ́dọ̀ wọn nítòsí ọjà Bódìjà kò kọ́kọ́ lóye. “Àǹtí, ṣé ulcer ni?” Mo ní, “Rárá o, Màmá. Àlùbọ́sà ni.” Wọ́n gbé ìgbakọ sókè, wọ́n wò mí. “Àlùbọ́sà kẹ̀? Àlùbọ́sà tí a fi ń ṣe oògùn?” Mo ṣàlàyé fún wọn bí mo ṣe lè ṣe é, bí àwọn èèyàn ṣe ń tò sẹ́yìn mi. Wọn kò sọ nǹkan kan, wọ́n bu ewédú, wọ́n mú ẹja kan nínú àwo tí ọbẹ̀ kò tíì kàn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sọ fún mi pé àbígbẹ̀yìn àwọn náà, bó bá ti jẹ mọ́ínmọ́ín, á sunkún mọ́jú, gbogbo ilé sì ń sọ pé ata ni. Láti ìgbà yẹn, Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ. Wọ́n máa ń gbé ẹja gbígbẹ kan pamọ́ fún mi, bí mo bá sáà dé kó tó di aago kan.